Kọ̀ǹpútà Inú Àgò

Kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé wa ní Ẹgbẹ́dá, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ní àpọ́nlé níbẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ Mọ́mì. Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ló wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ohùn rẹ̀ ló ń jí wa láàárọ̀, kì í ṣe ti ládàánì ẹ̀yìnkùlé tàbí ti pásítọ̀ òdìkejì títì, àwọn méjèèjì tí wọ́n ń fi sípíkà du ọkàn wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí ẹ̀rọ náà bá ń sáré, a mọ̀ pé oníbàárà kan ti ń bọ̀ wá gba aṣọ tí kò tíì ní apá. Bó bá ń wọ́ ẹsẹ̀, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú Mọ́mì, olúkúlùkù á sì yára wá iṣẹ́ ṣe: èmi á tún ilẹ̀ tí mo ti gbá gbá, Àǹtí Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, á gbé garawa lọ pọn omi, Dádì á ṣí ìwé ìròyìn tó ti kà tán. Ilé tí a háyà ni, ọgbà kan náà la sì wà pẹ̀lú Ìyá Ṣẹ́gun, ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó sì máa ń mọ ohun tí a fẹ́ sè kí àwa fúnra wa tó mọ̀.

Akọ̀wé ni Dádì ní ọ́fíìsì ìjọba kan n'Íkẹjà. Lọ́dún yẹn, wọ́n rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ó sì padà dé bí ẹni tó ti Mẹ́kà bọ̀. Ìrìn rẹ̀ yàtọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, ó sì ń wo àwa tó bá nílé bí ẹni tí ìwàásù kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò pẹ́ tó fi lọ ra tòkunbọ̀ kan bọ̀, ojú rẹ̀ tóbi bíi ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ẹ̀yìn abuké. Dádì kì í pè é ní kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ayárabíàṣá ló ń pè é, bó ṣe gbọ́ ọ lórí rédíò. Á tẹ bọ́tìnì rẹ̀ láàárọ̀, àwa á jókòó tì í. A ó mu ẹ̀kọ tán, a ó fọ abọ́, kò tíì jí. Mọ́mì á ní, “Bàbá Dúpẹ́, àṣá yín yìí, àbí ó ń sàba ni?” Nígbà tó bá sì wá jí, á kọ ọ́ sójú gbàgàdà pé òun kí Líńdà káàbọ̀.

“Ta ni Líńdà?” Mọ́mì bèèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

“Ẹni tó ni í lókè òkun kó tó dé ọwọ́ wa ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí Líńdà wá máa se ọbẹ̀ yín.”

Ohun tí Dádì kọ́ bọ̀ jù lọ ni ẹ̀rù. Wọ́n ti sọ fún un pé gbogbo ayé ló ń wá ọ̀nà àtiwọ inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, ó sì gbà tọkàntọkàn pé gbogbo ayé náà ti dé Ẹgbẹ́dá. Ó pe Mukáílà, wẹ́dà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní ìkòríta wa, pé kó bá òun fi irin rọ àgò tí kọ̀ǹpútà máa gbé inú rẹ̀. Mukáílà rọ ọ́, ó fi irin ṣe òdòdó sí i lára bíi ti fèrèsé àwọn tó ń gbé Gowon Estate, ó sì fi bóòtù dè é mọ́ ilẹ̀. Àgádágodo ló ti iwájú rẹ̀, ọrùn Dádì sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Lẹ́yìn ti olè, ó kan ti fáírọ́ọ̀sì. Dádì ṣàlàyé fún gbogbo ọgbà pé àìsàn kan wà tó ń ti inú fúláàṣì àlejò wọ inú kọ̀ǹpútà. Ìyá Ṣẹ́gun gbọ́ ọ, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n jìnnà sí fèrèsé wa. Lẹ́yìn ti fáírọ́ọ̀sì, ó kan ti ọwọ́. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ọwọ́ tí kò fọ̀ kan ẹ̀rọ náà. Abọ́ omi kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò fún èyí, bí ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá, ilé onígbàgbọ́ sì ni tiwa.

Orí oúnjẹ ló ti máa ń wàásù. Mo rántí ọjọ́ tó kan pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ̀bà àti ilá alásèpọ̀ la ń jẹ.

“Ẹ gbọ́ mi dáadáa,” ó ní. “Ẹni tó bá fi orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣe pásíwọ́ọ̀dù, kó kúkú ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kó lọ sùn. Gbogbo àdúgbò yìí ló ń pè mí ní Bàbá Dúpẹ́. Aláàkàrà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ra irin àlòkù kiri mọ̀ ọ́n. Wẹ́rẹ́ ni olè máa wọlé.”

“Kí ló máa wá jí níbẹ̀?” Mọ́mì bèèrè.

“Ìsọfúnni.”

“Ìsọfúnni wo?”

Dádì fọ òkèlè, ó rò ó. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà, èyí tó kọ sí lándílọ́ọ̀dù nípa ṣáláńgá. “Ìsọfúnni ṣá ni,” ó ní.

“Ẹ̀rọ tèmi náà ni ẹ̀rọ,” Mọ́mì ní. “Kò ní pásíwọ́ọ̀dù, òun ló sì ń ra gàrí.”

Àǹtí Dúpẹ́ ló sọ ẹ̀rọ náà di ti ilé wa. Ó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀ níléèwé, níbi tí gbogbo kíláàsì ti ń du kọ̀ǹpútà kan, ó sì ní ọwọ́ tí nǹkan kì í le fún. Ó kọ́kọ́ lé Líńdà jáde, ó fi orúkọ Dádì rọ́pò rẹ̀. Ó sọ àwọn lẹ́tà di ńlá nítorí ojú Dádì, tí Dádì sì ń ṣe bí ẹni tí kò tíì nílò awò. Ó mú fọ́tò tí a yà lọ́jọ́ Kérésì kan lọ sí káfé kan lọ́nà Ìdímù, wọ́n kó o sínú fúláàṣì fún un, ó sì gbé e sí ojú kọ̀ǹpútà, tó fi jẹ́ pé gbogbo fáìlì Dádì wá ń léfòó lórí gèlè Mọ́mì. Dádì kò béèrè ibi tí fúláàṣì náà ti wá, torí pé fọ́tò náà dára. Mọ́mì pàápàá mú àjákù aṣọ, ó rán ìbòrí fún un, ó ṣẹ́ ẹ létí wálawàla. Ó ní tí wọ́n bá máa ti nǹkan mọ́lé, kí wọ́n ṣáà wọṣọ fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Dádì jáde, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Àǹtí Dúpẹ́, ohun tí kì í ṣe fún ẹlòmíì. Ó so mááìkì kékeré kan mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní òun fẹ́ yọ ariwo tí ẹ̀rọ náà máa ń pa nígbà tó bá jí kúrò, kí òun fi ohùn ènìyàn sí i. “Bùkọ́lá, dákẹ́ o. Má mí.” Mi ò mí. Ó gbé ohùn alága ìdúró wọ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o, Dádì wa! Ẹ fọwọ́ o! Ẹ má fọwọ́ ẹ̀bà kàn mí o!” Mo fi tòwẹ́ẹ̀lì di ẹnu kí ẹ̀rín má bàa yọ. Òjò ti ń ṣú, Mọ́mì sì pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé kó wá ká aṣọ. Àǹtí Dúpẹ́ tẹ bọ́tìnì kí ẹ̀rọ má gba ohùn mọ́, ó ní “Mà!”, ó sì sáré jáde.

Nígbà tí Dádì dé tó gbọ́ ọ, ó fajú ro. Ó ní ẹ̀rọ kì í ṣe ohun àwàdà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa pa kọ̀ǹpútà kó tún máa tàn án lásán, pé ó ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Lẹ́yìn náà, ó pa á, ó sì tún tàn án. Mọ́mì kò dúró gbọ́ ọ, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Aṣọ oníbàárà wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ tirẹ̀ ló sì kún etí rẹ̀.

Òjò ọdún yẹn kò tíì dá nígbà tí Àǹtí Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ ibà. Ibà la pè é, ibà ni gbogbo ọgbà pè é, gbogbo ọgbà sì ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Láàárọ̀ tí wọ́n ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó yíjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Má sùn sápá ògiri o. Àyè mi nìyẹn.” Wọn ò gbé e padà wá. Àwọn àgbà ló lọ sin ín, torí pé ojú òbí kì í rí ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, Dádì àti Mọ́mì kò sì mọ ibẹ̀ títí dòní. Àwọn èèyàn kún pálọ̀ wa. “Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn o. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, wọ́n á wojú Mọ́mì, wọ́n á sì wò mí. Mo ti kọ ìwé gbọọrọ lórí òwe ní fásitì láti ìgbà yẹn, wọ́n fún mi ní oyè lórí rẹ̀, mo sì wọ fìlà onígun mẹ́rin tí kò bá orí ẹnikẹ́ni mu. Mi ò tíì rí ẹni tí òwe yẹn pa òùngbẹ fún.

Bàbá Ìpájà, ẹ̀gbọ́n Dádì, ló darí bí wọ́n ṣe kó ẹrù rẹ̀. Àṣà ni, wọn ò fi ṣèkà. Bí ọmọdé bá kú, a kì í jẹ́ kí ohun ìní rẹ̀ wà lójú àwọn òbí, kí ọgbẹ́ lè jinná. Wọ́n mú Dádì àti Mọ́mì jókòó sínú yàrá Ìyá Ṣẹ́gun, wọ́n sì kó aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, báàgì iléèwé rẹ̀, kọ́ọ̀bù tó fi ń mu tíì. Wọ́n yọ gbogbo fọ́tò tó wà ní pálọ̀ kúrò lára ògiri, àyè tó mọ́ ju ògiri yòókù lọ sì ṣẹ́ kù síbẹ̀, tí gbogbo wa ń wò ju bí a ṣe ń wo àwọn fọ́tò náà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá Ṣẹ́gun nawọ́ sí àgò. “Èyí ńkọ́?” Bàbá Ìpájà ní, “Ti bàbá rẹ̀ nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀.” Bí ẹ̀rọ náà ṣe bọ́ nìyẹn, pípa ló wà, aṣọ wálawàla ló borí rẹ̀.

Ohun ìkẹyìn tí wọ́n kó ni orúkọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ṣẹ́gun kan ilẹ̀kùn wa, ó ní, “Ìyá Bùkọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́.” Gbogbo ọgbà ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. Aláàkàrà gbọ́, wẹ́dà gbọ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ Ìyá Dúpẹ́ kò sí mọ́ ní Ẹgbẹ́dá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí wọ́n má bàa gún ọgbẹ́ ọlọ́mọ. Ní tèmi, ó dà bí ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ fún láìwọ̀n ọ́n. Mọ́mì ń dáhùn. Dádì ní tirẹ̀ kò pè é ní nǹkan kan mọ́. “Ṣó o gbọ́,” ni ó ń pè é.

A ń jẹun lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí Dádì dìde láti tẹ lẹ́tà kan fún ọ́fíìsì. Kò tíì ṣí àgò náà látìgbà yẹn. Ó tẹ bọ́tìnì, ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ó padà wá sídìí oúnjẹ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, torí ó mọ̀ pé àṣá náà yóò pẹ́. Àwa kò rò ó. Dádì tó mọ gbogbo ọ̀nà tí olè lè gbà wọlé kò rò ó. “Ẹ káàbọ̀ o, Dádì wa!” Abọ́ ilá fò kúrò lọ́wọ́ Mọ́mì, ó fọ́ yángá sílẹ̀, mi ò sì gbọ́ ìyókù. Mọ́mì dìde, ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà.

Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí Bàbá Ìpájà pé kó wá bá wọn pa ohùn náà rẹ́. Bàbá dé pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Íkòtún, tó wọ táì nínú oòrùn, tó sì ní kí a máa pe òun ní Ẹ́ńjíníà. Ẹ́ńjíníà kò tíì jókòó tó fi ní, “Fọ́ọ̀mátì ni. A máa nù ún mọ́ tónítóní, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é.” Bàbá béèrè bóyá ó tún lè jẹ́ kó máa yára. “Fọ́ọ̀mátì náà ni.” Bó bá ń gbóná? “Fọ́ọ̀mátì.” Ó dá mi lójú pé bí orí bá ń fọ́ Bàbá Ìpájà lọ́jọ́ náà, ohun tí ó máa ní kí wọ́n ṣe fún un nìyẹn.

Dádì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n kó, wọ́n ti kó o. Mi ò béèrè bàtà rẹ̀. Mi ò béèrè ibi tẹ́ ẹ sin ín sí. Èyí nìkan ni, ẹ dákun.”

“Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé kí orí obìnrin dàrú nínú ilé torí ẹ̀rọ? Ohùn òkú kì í bá alààyè gbélé, Adé.”

“Kò ní gbọ́ ọ mọ́, sà. Mo ṣèlérí.”

Bàbá Ìpájà wo Mọ́mì. Mọ́mì ń wo ilẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó wà,” ó ní, “bí n kò bá ṣáà ti ní gbọ́ ọ.” Wọ́n lọ, Ẹ́ńjíníà ń fi táì rẹ̀ nu ojú.

Lọ́jọ́ kejì, Dádì ra ìyapíìsì, ó sì yí pásíwọ́ọ̀dù padà kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án lẹ́yìn òun. Láti ìgbà náà, inú etí rẹ̀ nìkan ni ohùn náà ń wọ̀. Kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, á fọwọ́, á jókòó síwájú àgò, á tan ẹ̀rọ náà. Á pa á, á sì tún tàn án. Ọkùnrin tó ní pípa àti títàn ń gé ẹ̀mí kọ̀ǹpútà kúrú! Ẹnu rẹ̀ máa ń mì bí ẹni tó ń bá akọrin lọ, a kò sì gbọ́ nǹkan kan àfi ẹ̀rọ Mọ́mì lẹ́nu ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà tí mo ní lónìí ń jí kí n tó jókòó, kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Tòkunbọ̀ yẹn ti kú tipẹ́, ó ṣì wà nínú àgò rẹ̀ lọ́dọ̀ Dádì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ohun tí mo rí ni pé ẹ̀rọ Mọ́mì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Bí Dádì bá ti ki ìyapíìsì bọ etí, Mọ́mì á gbẹ́sẹ̀ kúrò, á yí ọrùn díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé kejì.

“Ẹ̀yin nìkan lẹ wá ń rí i báyìí,” ó sọ fún un lẹ́ẹ̀kan. Dádì yọ ìyapíìsì.

Ọjọ́ Sátidé ìmọ́tótó ni, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í jáde láàárọ̀, tí Ẹgbẹ́dá á dákẹ́ tó fi jẹ́ pé èèyàn lè gbọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo láti Ìyànà Ìpájà. Dádì ti ń nu eruku inú àgò, ó ṣí i sílẹ̀, nígbà tí wọ́n pè é kó wá bá wọn kó ẹrẹ̀ gọ́tà. Mọ́mì fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró síbẹ̀.

“Bùkọ́lá, báwo ni wọ́n ṣe ń tàn án?”

Mo fi hàn án. A jókòó, a dúró dè é. Ó jí, ó sì béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mọ́mì ń wo àpótí funfun kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta nínú òjò, títí òjìji Dádì fi bo ẹnu ọ̀nà, ó mú ṣọ́bìrì dání, ẹrẹ̀ kùn ún dé ìgúnpá.

“Mi ò fẹ́ pa á rẹ́,” Mọ́mì sọ kíá. “Mo fẹ́ gbọ́ ọ ni. Kí ni pásíwọ́ọ̀dù?”

Dádì gbé ṣọ́bìrì ti ògiri.

“Orúkọ rẹ̀ ni.”

“Orúkọ ta ni?”

“Orúkọ ọmọ ẹ.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kẹ́nikẹ́ni má fi orúkọ ọmọ ṣe é! Ẹ ní gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n.”

“Ìgbà yẹn nìyẹn,” Dádì ní. “Ta ló ń pè é mọ́ báyìí? Kò sí orúkọ tó láàbò tó o, ní gbogbo Ẹgbẹ́dá.”

Ó lọ sídìí abọ́ omi, ó fọwọ́. Mọ́mì náà dìde, ó fọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Ó padà jókòó, ó ń fi ìka kan wá lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka tó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Dádì ki ìyapíìsì kan bọ etí Mọ́mì, ó ki ìkejì bọ etí tirẹ̀, okùn rẹ̀ kúrú, orí wọn sì kan ara wọn. Èmi kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú Mọ́mì nìkan ni mo rí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ dáhùn, lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ Dádì mú gírígírí.

“Ta ló ń pariwo lẹ́yìn yẹn?”

“Ìwọ ni.”

“Èmi?”

“Ìwọ lò ń pè é. ‘Dúpẹ́ o, òjò ti ṣú.’ Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ.”

Mọ́mì yọ ìyapíìsì. “Mo pè é,” ó ní, “kò dá mi lóhùn.”

“Ó dáhùn, Mọ́mì,” ni mo sọ. “Mo wà níbẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì ná ni. Ó ní ‘Mà’, ó sì sáré wá bá yín.”

Ó yíjú sí mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó ẹrù yẹn, mi ò rí i kó wò mí bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń wo Bùkọ́lá nìkan. “Ó ká aṣọ náà,” ó ní. “Òótọ́ ni. Òjò ò bá ẹyọ kan.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ṣẹ́gun na orí láti yàrá rẹ̀. “Ìyá Bùkọ́lá! Ṣé ẹ ní iyọ̀ díẹ̀?”

Ẹ̀rọ Mọ́mì dúró. “Ìyá Dúpẹ́ ni mí,” ó dáhùn, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Iyọ̀ wà. Ẹ wá gbà á.”

Ìyá Ṣẹ́gun wá gba iyọ̀ náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ ọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti òdìkejì ọgbà: “Ìyá Dúpẹ́, ẹ ṣé o.” Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, aláàkàrà ti gbọ́, Mukáílà wẹ́dà sì ti ké “Bàbá Dúpẹ́!” láti ìkòríta. Dádì dá wọn lóhùn. Ó wọlé padà, ó fọwọ́, ó jókòó síwájú àgò, ó sì yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà. Ó ní ti tẹ́lẹ̀ yẹn kò láàbò mọ́, gbogbo àdúgbò ti tún mọ̀ ọ́n.